Kí Ẹ Tó Ra Pẹ́ẹ̀nì Tábúlẹ́ẹ̀tì

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá pẹ́ẹ̀nì tó dáa tí mo lè fi kọ̀wé sórí tábúlẹ́ẹ̀tì mi." Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Kàbbà, gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lórí WhatsApp ń wá a, aránṣọ tó fẹ́ máa ya sítáì han oníbàárà ń wá a, òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì náà ń wá a. Ìbéèrè ni mo sì máa ń fi dá wọn lóhùn: irú tábúlẹ́ẹ̀tì wo lẹ ní? Àwọn kan á rò pé mo kàn ń fa ọ̀rọ̀ gùn ni. Rárá o. Ìdajì pẹ́ẹ̀nì yẹn wà lábẹ́ gíláàsì tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí ìdajì tó wà lábẹ́ gíláàsì kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, owó ti wọgbó nìyẹn, ì báà jẹ́ pẹ́ẹ̀nì tó wọ́n jù lọ́jà.

Àwọn tó lo Nokia 5800, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2008, á rántí pé ó ní pẹ́ẹ̀nì ike kékeré kan tó ń wọ inú rẹ̀. Èékánná ṣiṣẹ́ lójú fóònù náà, ìdí bírò ṣiṣẹ́, kódà igi ìtayín ṣiṣẹ́. Ìpele méjì ló wà lójú rẹ̀, àlàfo tín-ín-rín sì wà láàárín wọn. Ohunkóhun tó bá ti tẹ ti òkè kan ti ìsàlẹ̀, fóònù ti mọ ibẹ̀. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì tòde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlà tí ojú wa kò lè rí, tí iná sì ń gba ara wọn kọjá, ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ gíláàsì lóròó àti níbùú. Iná díẹ̀ wà lára wọn nígbà gbogbo. Ara ènìyàn ń gba iná, torí náà bí ìka bá ti kan gíláàsì, ó máa fa díẹ̀ lára iná yẹn, tábúlẹ́ẹ̀tì á sì ṣírò ibi tí ìyípadà ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èékánná àti igi kò fi ń ṣiṣẹ́ mọ́: iná kì í gba ara wọn kọjá.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ mú igi olówùú tí a fi ń nu etí, ẹ fi omi díẹ̀ rin owú orí rẹ̀, kí ẹ wá fi fọ́ìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń wé ẹran, wé igi náà láti ìdí owú títí dé ibi tí ọwọ́ yín dì í mú. Ẹ fi owú yẹn fa ìlà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Yóò fà. Ẹ yọ fọ́ìlì, ẹ tún un fà: ìlà á máa já, tàbí kó má fà rárá, torí pé ohun tó so owú mọ́ ara yín ti kúrò.

Pẹ́ẹ̀nì olórí rọ́bà dúdú tó pọ̀ lọ́jà wa, tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí bírò nígbà míì, iṣẹ́ owú àti fọ́ìlì yẹn gan-an ló ń ṣe. Kò ní bátìrì, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìka ni wọ́n ṣe ojú tábúlẹ́ẹ̀tì fún, torí náà ohun tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ojú náà kò ní kà á sí. Ìyẹn ló fà á tí rọ́bà náà fi gbọ́dọ̀ tóbi, tó sì ń bo ibi tí ẹ ń kọ mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní ike pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara lórí dípò rọ́bà, kí ẹ lè máa rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ike náà tètè ń já.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú pẹ́ẹ̀nì rọ́bà. Àwọn bàbá àti ìyá wa wà ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, tí oko ti mú ìka wọn le. Awọ ìka tó bá gbẹ, tó sì ti yi, kì í fa iná dáadáa. Wọ́n á tẹ fóònù títí, fóònù ò ní dáhùn, wọ́n á sì rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ fún wọn ní pẹ́ẹ̀nì rọ́bà. Fún títẹ nọ́ńbà, ṣíṣí WhatsApp àti wíwo fọ́tò ọmọ-ọmọ, òun ló dára jù. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi fún irú iṣẹ́ yìí, n kì í jẹ́ kó ra èyí tó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pẹ́ẹ̀nì ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń fi okùn USB ṣáájì, tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé gbogbo fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń bá ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tó pọ̀ jù. Bátìrì inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè tan ojú tábúlẹ́ẹ̀tì jẹ pé ìka ló kàn án, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ti kà á sí ìka, kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ gbé ọwọ́ lé gíláàsì bí ẹni tó fẹ́ kọ̀wé sínú ìwé, ìlà játijàti á yọ lábẹ́ ọwọ́ yín, tàbí kí ojú ìwé máa sáré lọ sókè sódò. Kò sì mọ títẹ̀ líle yàtọ̀ sí títẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ máa rí páálí tí wọ́n kọ 4096 sí, ìyẹn ni pé pẹ́ẹ̀nì náà lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ìwọ̀n títẹ̀ tó tó 4096. Bí pẹ́ẹ̀nì tó ní gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì lòun ń bá ṣiṣẹ́ bá tún sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni.

Bí ó bá jẹ́ pé irú pẹ́ẹ̀nì yìí ni owó yín ká, ẹ ká híńkáṣíìfù tó gbẹ nípọn, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ọwọ́ nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé. Aṣọ tó nípọn kì í jẹ́ kí gíláàsì mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ wà níbẹ̀. Tíṣà tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á fi parí iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ìyọnu.

Pẹ́ẹ̀nì tó ń kọ̀wé gan-an ni èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún tábúlẹ́ẹ̀tì kan pàtó. Ẹ wo S Pen ti Samsung. Lábẹ́ ojú tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń lò ó, pátákó wáyà mìíràn wà tó yàtọ̀ sí ti ìka. Pátákó yìí ló ń fi agbára òòfà ránṣẹ́ sókè, wáyà kékeré tí wọ́n ká sínú pẹ́ẹ̀nì á gbà á, á sì fi agbára yẹn kan náà dá a lóhùn. Wacom, iléeṣẹ́ Japan kan, ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ńlá, Samsung sì ti ń lò ó láti ìgbà Galaxy Note àkọ́kọ́ ní 2011. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún àwa tí a wà níhìn-ín ni pé kíkọ̀wé rẹ̀ kò nílò bátìrì. Bí bátìrì bá wà nínú àwọn S Pen kan, ti Bluetooth ni. NEPA lè mú iná lọ fún bó bá ṣe wù ú, bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ṣì ní ṣáájì, pẹ́ẹ̀nì ń kọ̀wé. Galaxy Tab S6 Lite tó jáde ní 2020 ní tirẹ̀ nínú páálí, bẹ́ẹ̀ kò wọ́n tó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí o. Kì í ṣe gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì Samsung ló ní pátákó wáyà yẹn. Galaxy Tab A9 tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kò ní in. Ó ń dùn mí bí ẹnìkan bá ra S Pen fún un láti Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin, tó wá gbé e wá pé kí n bá òun tún un ṣe. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Kò sí app tí ẹnikẹ́ni lè gbé wọlé tó máa fi wáyà sábẹ́ gíláàsì.

Ti Apple le díẹ̀ sí i, torí iPad tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Apple Pencil, pẹ́ẹ̀nì tí Apple ṣe fún iPad, ti àkọ́kọ́ jáde ní 2015, ìkejì ní 2018, èyí tó ń lo USB-C ní 2023, Pencil Pro ní 2024. Kì í ṣe gbogbo iPad ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá ṣiṣẹ́, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń kọ̀wé lórí Android. iPad tó ní bọ́tìnnì roboto nísàlẹ̀, tó sì jáde láàárín 2018 sí 2021, Pencil àkọ́kọ́ ló ń lò. Ibi tí wọ́n ti ń mú ènìyàn ni iPad lásán, èyí tí kì í ṣe Pro, ti 2017 àti ti 2018: ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ti 2017 kì í lo Pencil kankan. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí A1822 tàbí A1823, ti 2017 ni. A1893 tàbí A1954, ti 2018 ni, ẹ lè ra pẹ́ẹ̀nì fún un. Kí ẹ sì mọ̀ pé Pencil oní-USB-C kò mọ títẹ̀ líle yàtọ̀ sí títẹ̀ jẹ́jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Apple fúnra wọn ló ṣe é. Ó dára fún tíṣà. Kò dára fún ayàwòrán.

Ní tèmi o, ẹni tó fẹ́ máa kọ̀wé, kó wá èyí tó gbà kí ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí 4096. Ẹni tó ń yàwòrán nìkan ló yẹ kó san owó lórí títẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya bátànì àdìrẹ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó gbé e sórí aṣọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ògìdì, ìlú Ìyá Nike Davies-Okundaye, wà nítòsí wa. Bí ìyẹ́ adìẹ tí a fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá fúyẹ́, tó sì ń gbòòrò bí ọwọ́ bá wúwo, bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ́ẹ̀nì tó mọ títẹ̀ ń ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ yìí wà lọ́kàn rẹ̀, kó tọ́jú owó títí yóò fi tó tábúlẹ́ẹ̀tì àti pẹ́ẹ̀nì tó mọ ara wọn. Kó má ra pẹ́ẹ̀nì olówó pọ́ọ́kú kó wá rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, tábúlẹ́ẹ̀tì yín gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba rúlà, ẹ gbé e dábùú láti igun kan sí èkejì, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀nì náà fa ìlà lẹ́bàá rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò kánjú. Ẹ yọ rúlà, kí ẹ wo ìlà náà dáadáa. Pẹ́ẹ̀nì tí kò dáa máa fa ìlà tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, torí ó ń fò láti orí wáyà kan sí èkejì. Bí ẹ bá fi ìkánjú fa ìlà yìí, ẹ kò ní rí àléébù rẹ̀. Jíjẹ́jẹ́ ló ń tú u fó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé ọwọ́ lé gíláàsì, kí ẹ kọ orúkọ yín kíákíá, kí ẹ wo bóyá lẹ́tà kan fò. Bí ó bá jẹ́ S Pen, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀ láìjẹ́ kó kan gíláàsì: àmì kékeré á máa tẹ̀ lé e lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí àmì, ó lè jẹ́ pé ayédèrú ni pẹ́ẹ̀nì, tàbí pé tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní pátákó rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ má dán an wò kí ẹ tó sanwó, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ohun kan wà tó máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn dá pẹ́ẹ̀nì tí kò ṣe nǹkan kan lẹ́bi. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, wọ́n á fi ṣájà olówó pọ́ọ́kú ṣáájì tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà. Ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú tábúlẹ́ẹ̀tì á máa tẹ ara rẹ̀. Iná tí kò mọ́ láti ara ṣájà ló ń da àwọn wáyà abẹ́ gíláàsì láàmú. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ tún un kọ. Bí ó bá dúró, ṣájà ni kí ẹ pààrọ̀.

Ní ti ìtọ́jú, eruku ló ń pa ojú tábúlẹ́ẹ̀tì níhìn-ín ju pẹ́ẹ̀nì lọ. Nígbà ọ̀yẹ́, eruku pupa á wọlé, á bà sórí gíláàsì, ẹnu pẹ́ẹ̀nì á sì máa fi yanrìn tó wà nínú rẹ̀ ha gíláàsì. Ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ún kí ẹ tó kọ̀wé, kí ẹ má fi Hypo tàbí kẹrosíìnì kàn án. Pẹ́ẹ̀nì tó ní bátìrì, pàápàá Apple Pencil àkọ́kọ́, kò fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí ṣáájì rẹ̀ tán kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ sínú àpótí fún oṣù púpọ̀. Bátìrì rẹ̀ lè kú pátápátá. Ẹ ṣáájì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ kò tiẹ̀ lò ó. Ẹnu pẹ́ẹ̀nì náà ń jẹ, ó sì tètè ń jẹ lórí ìbòjú gíláàsì tí kì í dán, èyí tí wọ́n ṣe kó lè rí bí ìwé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka ra á: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti pẹlẹbẹ tó sì mú, tàbí tí ẹ bá ti ń rí irin, ẹ má fi kọ lẹ́tà kan sí i títí ẹ ó fi rí ẹnu tuntun rà.