Bí Ìdílé Ṣe Ń Ṣọdẹ Mule Deer Lórí Àwọn Òkè Colorado

Ní ìpínlẹ̀ Colorado lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìbọn yíyìn ló kéré jù nínú iṣẹ́ ọdẹ orí òkè. Ohun tó ń darí gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ títí di ìgbà tí ẹnì kan yóò fojú sun ẹran, ni bí ẹran náà yóò ṣe dé ìsàlẹ̀ kó tó bàjẹ́, àti ẹni tí yóò rù ú. Mule deer jẹ́ irú àgbọ̀nrín kan tí etí rẹ̀ gùn bíi ti ìbaaka, tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ dúdú, tí ìwo akọ rẹ̀ sì máa ń pẹ̀ka sí méjì-méjì. Kì í sábà dúró níbi tí ọkọ̀ lè dé. Akọ tó ti dàgbà dáadáa lè wọ̀n ju kìlógíráàmù 90 lọ, bí wọ́n bá sì yọ egungun rẹ̀ kúrò, ẹran pọ́nńbélé tó kù a máa tó nǹkan bí 30. Ẹni tó ti gbé ìbọn, omi àti aṣọ òtútù kò ní rọrùn fún láti fi ẹ̀ẹ̀kan ru ìyẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tó ga fíofío. Nítorí náà ni iṣẹ́ yìí ṣe bá ìdílé mu.

Ètò náà ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, nígbà tí yìnyín ṣì bo orí òkè. Láti ọdún 1999 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti fi gbèdéke sí gbogbo ìwé àṣẹ àgbọ̀nrín, nítorí pé ẹran náà ti ń dín kù. Kèké ni Colorado Parks and Wildlife, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́, ń ṣẹ́ láti pín in. Ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan ló ní agbègbè tirẹ̀, sáà tirẹ̀, ó sì máa ń sọ bóyá akọ tàbí abo ni ọdẹ lè pa. Ẹni tí kèké kò bá mú nínú ohun tó kọ́kọ́ yàn yóò gba pọ́ìǹtì kan tí yóò gbé e síwájú lọ́dún tó ń bọ̀. Ibí ni ìdílé ti gbọ́dọ̀ jókòó ṣírò. Wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè jọ dé agbègbè kan náà, àmọ́ pọ́ìǹtì ẹni tí tirẹ̀ kéré jù láàárín wọn ni wọn yóò lò fún gbogbo wọn. Bàbá àgbà tó ti kó pọ́ìǹtì mẹ́jọ jọ, bó bá forúkọ sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò ní ẹyọ kan, òdo ni àwọn méjèèjì dúró lé. Nítorí èyí, àwọn ìdílé kan a máa wá agbègbè tí ìdíje kò pọ̀ sí. Àwọn mìíràn a sì jẹ́ kí àgbà náà fi pọ́ìǹtì rẹ̀ pamọ́, kó kàn bá wọn lọ láìní ìwé àṣẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fojú wá ẹran.

Òfin ti ọmọdé ṣe kedere. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 12 kò gbọdọ̀ pa àgbọ̀nrín. Láti ọdún 12 sí 15, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ tí àwọn méjèèjì lè rí ara wọn, kí wọ́n sì gbọ́ ohùn ara wọn. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ààbò ọdẹ kó tó lè ra ìwé àṣẹ. Bàbá kò gbọdọ̀ pa ẹran sórí ìwé àṣẹ ọmọ rẹ̀, kódà bí ọmọ náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní sáà ìbọn, gbogbo ọdẹ ló gbọ́dọ̀ wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ píǹkì tó ń tàn yanran, tó fẹ̀ tó ínǹṣì onígun mẹ́rin 500 láti ìbàdí sókè, kó sì dé fìlà irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú àgbọ̀nrín kì í rí àwọ̀ ọsàn bí ojú ènìyàn ti ń rí i, nítorí náà aṣọ yìí kò ba ọdẹ jẹ́. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tó máa ń gbé iná sórí wọ igbó lóru lè rí ti àkókò bí ohun àjèjì: láti ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ nìkan ni ìbọn lè dún, ẹni tó bá sì tanná sójú ẹran láti pa á ti rú òfin.

Bí ẹran ṣe ń lo òkè ló yẹ kí ìdílé mọ̀ jù lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àwọn akọ a máa gòkè lọ sí ibi tí igi ti ń tán lórí òkè, bíi ti àwọn òkè San Juan, níbi tí koríko tútù àti atẹ́gùn wà. Bí yìnyín bá ti ń pọ̀ ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, wọn yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ewé igbó kékeré bíi sagebrush ti lè bọ́ wọn nígbà òtútù. Oṣù kọkànlá yìí náà ni akọ ń wá abo kiri, tí ìfura rẹ̀ sì ń dín kù. Ìyẹn ló fà á tí ìwé àṣẹ àwọn sáà tó gbẹ̀yìn fi ṣòro láti rí: ẹran ti sún mọ́ ìsàlẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣọ́ra mọ́. Àwọn tí pọ́ìǹtì wọn kò tó ìyẹn ló ń gun òkè gíga.

Lójoojúmọ́, ẹran ń jẹun ní kùtùkùtù, nígbà tó bá sì di àárín òwúrọ̀, yóò wọ ibùba rẹ̀, pàápàá ní ìhà àríwá òkè níbi tí igi ti ṣú tí òjìji sì pọ̀. Atẹ́gùn náà ní àṣà tirẹ̀. Ní ìdájí, afẹ́fẹ́ tútù a máa ṣàn wálẹ̀ sínú àfonífojì bí omi. Nígbà tí oòrùn bá ti ta sára òkè tí ilẹ̀ sì gbóná, afẹ́fẹ́ a yí padà, a máa gòkè. Ọdẹ tó bá ń gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ti rán òórùn ara rẹ̀ ṣáájú. Nítorí náà, ìdájí ni wọ́n ń gòkè, tí wọ́n á sì ti òkè wá bá ẹran nígbà tó bá ti dùbúlẹ̀.

Wíwá ẹran gan-an, ìjókòó ni. Ìdílé a jókòó sí ìhà kan àfonífojì, wọ́n a gbé awò awọ̀nàjíjìn lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n a sì máa fi ojú túlẹ̀ ìhà kejì ní ìlà-ìlà. Ọmọdé a máa wá odidi àgbọ̀nrín, kì í sì í rí i. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ láti wá ni ìlà tó dùbúlẹ̀ láàárín igi tó dúró, ìdí funfun, etí tó mì nígbà tí ewé kò mì, tàbí ẹ̀ka ìwo tí oòrùn tàn sí. Iṣẹ́ yìí ni àgbà tí orúnkún kò gbé mọ́ ti ń ṣe ju ọ̀dọ́ lọ, torí sùúrù ló gbà. Bí wọ́n bá ti rí ẹran, ẹnì kan yóò dúró ti awò, àwọn yòókù yóò yí òkè lọ. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì ilẹ̀, bóyá igi gbígbẹ kan àti òkúta pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé òkè tí ènìyàn ń wò láti iwájú kì í jọ ara rẹ̀ mọ́ bí ó bá ti dé orí rẹ̀. Ẹni tó kù lẹ́yìn ni yóò máa fọwọ́ júwe fún wọn.

Ìbéèrè tó ṣáájú ìbọn ni ibi tí ẹran náà yóò ṣubú sí. Bí ó bá dúró lókè bèbè òkúta tàbí sínú kòtò tí ọ̀nà kò jáde níbẹ̀, ìdílé tó mọ iṣẹ́ yóò jẹ́ kó lọ, bí ìwo rẹ̀ ti wù kó tóbi tó. Bí ibẹ̀ bá dára, ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ló kù láti ṣírò. Agbára ilẹ̀ tó ń fa ọta sísàlẹ̀ ń tẹ̀lé bí ọ̀nà náà ṣe jìn ní gbọọrọ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kì í ṣe bí ojú ṣe rí i lórí ìdagẹ̀rẹ́. Ẹran tó wà ní mítà 300 níbi tí òkè ti tẹ̀ ní ìwọ̀n dìgírì 30 dà bí èyí tó wà ní nǹkan bí 260. Ẹni tó bá fojú sùn ún fún 300 yóò yìnbọn kọjá lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ òkè ló yìn ín sí tàbí ìsàlẹ̀. Ìbọn .243, tí ọta rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin ínǹṣì kan, ni ọ̀pọ̀ òbí ń fún ọmọ, nítorí pé kì í ta ejìká púpọ̀, ó sì kọjá ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin fàyè gbà. Mule deer tí nǹkan bá ta jí a máa fò ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà gun òkè, ṣùgbọ́n a sábà máa dúró wẹ̀yìn kó tó kọjá orí òkè. Ọmọ tí kò kánjú lè tún rí àyè níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìbọn, wọ́n a sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó tọ ojú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ibi tí ẹran bá ṣubú sí ni wọ́n ti ń kun ún: itan méjì, apá méjì, ẹran ẹ̀yìn àti èyí tó wà nínú lábẹ́ ẹ̀yìn. Òfin kò gbà kí ènìyàn mú ìwo kó fi ẹran sílẹ̀, ẹ̀yà ara tó fi hàn pé akọ tàbí abo ni sì gbọ́dọ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ara ẹran pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀bá egungun itan ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí ibẹ̀ ló ki jù tí ooru sì pẹ́ jù. Nítorí náà wọ́n a tètè bó awọ, wọ́n a kó ẹran sínú àpò aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n a gbé e kọ́ sábẹ́ òjìji, kó jìnnà sí ìfun tó lè pe béárì. Àgbàlagbà a ru itan, ọmọ a gbé ẹran ẹ̀yìn tàbí ìbọn tí wọ́n ti yọ ọta rẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ burú ju gígun òkè lọ. Orúnkún ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ó ku orí ẹran náà. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn kan tí ń jẹ́ chronic wasting disease, tó ń mú kí ẹran máa rù títí yóò fi kú, lára mule deer tí wọ́n ń sìn ní Fort Collins, ní Colorado níbẹ̀. Kò ní oògùn, iná ìdáná kò sì lè pa á. Kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ti ran ènìyàn, síbẹ̀ CDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdènà àrùn, ní kí wọ́n má ṣe jẹ ẹran tó bá ní in. Lọ́dọọdún ni ìpínlẹ̀ náà ń yan agbègbè tí àyẹ̀wò ti pọn dandan, tí ọdẹ yóò gbé orí ẹran wá fún wọn. Bí ìdílé bá pa ju ẹyọ kan lọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gé ẹran kọ̀ọ̀kan, wọ́n a kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ sára àpò rẹ̀ nínú fìrísà, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án títí èsì yóò fi dé, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹyọ kan bá ní àrùn náà, òun nìkan ni wọn yóò dà nù.