Ẹbí àti ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó kò jìnnà síra. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ni àwọn méjèèjì wà, Àkúrẹ́ sì ni olú-ìlú rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá bi ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan pé ilé wo ló ti wá, ìdáhùn wọn lè yàtọ̀. Ọmọ Àkúrẹ́ á sábà dárúkọ agbolé bàbá rẹ̀. Ọmọ Oǹdó á ka ti bàbá, á ka ti ìyá, ó sì lè mẹ́nu kan ilé tí wọ́n ti fẹ́ ìyá bàbá rẹ̀ wá. Ìyàtọ̀ yìí ń hàn nínú oyè, nínú ogún àti nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fẹ́ ìyàwó.

Ipò nínú ilé

Agbolé ni àwọn ọkùnrin tó bá ara wọn tan nípa bàbá ń gbé, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni baálé. Ní ti ìyàwó, ọjọ́ tó wọlé ọkọ ni wọ́n fi ń ka ipò rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti bí sínú ilé kí ó tó dé, "ọkọ" ló jẹ́ fún un, ìyàwó náà kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ náà gan-an. Ibẹ̀ ni orúkọ àdàpè bíi Adúmáadán àti Akọ̀wé ti wá. William Bascom, onímọ̀ àṣà ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa ètò àgbà àti àbúrò yìí ní ọdún 1942.

Nínú ilé olórogún, ìyá ló ń ya ọmọ sọ́tọ̀. Àwọn tí ìyá kan náà bí jẹ́ ọmọ ìyá; àwọn tó jọ ní bàbá nìkan jẹ́ ọbàkan. Bí ìjà ogún bá dé, ààlà yìí ló sábà máa ń ya ilé sí méjì.

Oǹdó: ọ̀nà bàbá àti ọ̀nà ìyá

Peter Lloyd, tó ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1950, kọ ọ́ ní ọdún 1966 pé kì í ṣe gbogbo Yorùbá ló ń tọ ọ̀nà bàbá nìkan. Ní ilẹ̀ Èkìtì, tí àṣà Àkúrẹ́ sún mọ́ gan-an, ìdílé bàbá ló lágbára. Ní Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, èèyàn lè di ọmọ ìdílé nípasẹ̀ bàbá tàbí nípasẹ̀ ìyá.

Ìtàn ìlú náà bá èyí mu. Obìnrin ni ìtàn Oǹdó pè ní ọba àkọ́kọ́, Púpùpú ni orúkọ rẹ̀. Ìbejì ni. Àwọn kan ní ààfin Odùduwà ni wọ́n bí i sí, àwọn mìíràn ní ààfin Aláàfin Olúaṣọ ni, láyé tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀. Wọn kò pa á. Wọ́n ní kí òun, ìkejì rẹ̀ àti ìyá wọn fi ìlú sílẹ̀. Airo, ọmọ Púpùpú, ló jọba lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá tọ ìdílé Òṣémàwé, ìyẹn ọba Oǹdó, dé ìpìlẹ̀, ọ̀dọ̀ obìnrin ni yóò dé. Ọkùnrin ló ń jọba láti ìgbà náà, àmọ́ Olóbùn, tí wọ́n ń pè ní ọba obìnrin, ṣì wà. Ó ní ipa nínú ìfijoyè Òṣémàwé, ọjà àti ọ̀rọ̀ Ajé sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn ìjòyè obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni Òpójì.

Ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yé ẹni tó bá gbà pé ilé bàbá fi ọmọbìnrin sẹ́yìn. Bí Déjì, ìyẹn ọba Àkúrẹ́, bá wàjà, ọmọọba obìnrin ló ń di adelé títí ọba tuntun yóò fi jẹ. Aṣọ ọkùnrin ló máa ń wọ̀ lásìkò náà. Ọmọọba Adétutù Adésídà-Ojei ló ṣe é láti ìparí ọdún 2013 di 2015. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ọmọ bíbí ilé ni ipò yìí wà fún. Olorì, bó ti wù kó pẹ́ láàfin tó, kò lè jẹ́ adelé. Ọmọbìnrin ilé àti ìyàwó ilé kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìgbéyàwó

Alárinà, ìwádìí ìdílé, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìtọrọ àti ìdána ni ètò náà ní ìlú méjèèjì, bí ó ti rí níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá. Owó tí wọ́n ń pín ní ìdána ń fi ìdílé hàn kedere: owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé. Ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ọmọbìnrin náà ni wọ́n ń ka owó fún. Ọ̀pọ̀ ìdílé ń dá owó orí padà, wọ́n á ní àwọn kì í ta ọmọ.

Ẹkún ìyàwó jẹ́ ti àwọn ará Ọ̀yọ́. Oǹdó ní Òbítún tirẹ̀. Ayẹyẹ ni fún ọmọbìnrin tó ti bàlágà tó sì tó ilé ọkọ: wọ́n á fi ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ olówó iyebíye ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ijó àti orin á tẹ̀ lé e. Ayẹyẹ náà ti dínkù gan-an, ó sì dunni, nítorí orin rẹ̀ kún fún ẹ̀kọ́ nípa ilé ọkọ. Lóde òní, ẹgbẹ́ oníjó ló sábà ń gbé Òbítún jáde níbi ọdún àti àríyá.

Ogún àti òfin

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń pín ogún. Ní ìdí igi, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n ń pín in sí; ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹjọ́ Nàìjíríà ṣì ń dé nígbà náà, gbà ní ọdún 1962, nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé tó wá láti Èkó, pé ìdí igi ṣì jẹ́ àṣà Yorùbá. Ọmọbìnrin ń jogún pẹ̀lú. Opó ni àṣà kò fún ní ogún ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé. Obìnrin tó ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní ààbò òfin tí obìnrin tí wọ́n dána lé lórí nìkan kò ní, ìyẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ tọkọtaya máa lọ sí kóòtù lẹ́yìn ìdána. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe ní ọdún 2007 kò gba ìgbéyàwó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Kòkó àti ilé àyágbé

Nígbà tí kòkó ń sowó, ìyàwó púpọ̀ àti ọmọ púpọ̀ túmọ̀ sí ọwọ́ púpọ̀ lóko. Ilé ẹ̀kọ́, ìjọ Kristẹni àti iṣẹ́ ìjọba ti dín ìkóbìnrinjọ kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin tó fi òrùka fẹ́ ìyàwó kan ṣì lè ní ọmọ níta. Ṣíṣú opó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti ìgbà tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú, òṣìṣẹ́ láti ìlú mìíràn ti kún un, tọkọtaya àti ọmọ wọn nìkan ló sì ń gbé nínú ọ̀pọ̀ ilé àyágbé. Bí ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n ṣì máa ń ránṣẹ́ pe olórí ẹbí láti abúlé, kí ó wá jókòó níwájú àwọn àna.