Ọdún Kan Nínú Oko Igbó: Bí Aginjù Ìjọba Ṣe Ń Di Oko

Nínú èdè Yorùbá, ewé tí òfin Nàìjíríà ń pè ní Indian hemp àti ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín ń jẹ́ orúkọ kan náà: igbó. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ewé náà ni àlàyé yìí yóò máa pè ní igbó, ilẹ̀ onígi ni yóò sì máa jẹ́ aginjù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdí kan ṣoṣo tí oko igbó fi wà nínú aginjù ni pé àwọn tó ń dá a ń sá fún agbófinró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ju ìdajì òótọ́ lọ. Ìdajì tó kù wà nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ló sì fi yé ni ìdí tí oko bẹ́ẹ̀ kì í fi í pẹ́ lójú kan, àti ìdí tí igi fi ń tán nínú aginjù tí ìjọba ti pa láàlà láti ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn, irú bíi ti Ìdànrè, Olúwa, Ọ̀wọ̀ àti Oníṣẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Igbó kì í ṣe igi. Láàárín ọdún kan ṣoṣo ni yóò hù, tí yóò yọ òdòdó, tí yóò so, tí yóò sì kú. Nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ó ń fẹ́ oòrùn gan-an, ó sì ń fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ibí yìí ni ó ti yàtọ̀ pátápátá sí kòkó, tó jẹ́ pé abẹ́ ìbòòji ni ó ti kọ́kọ́ ń dàgbà. Àgbẹ̀ kòkó ayé àtijọ́ a máa dá ìrókò, arère tàbí àfàrà sí láàárín oko, kí wọ́n lè ṣíji bo ọmọ kòkó, débi pé ẹni tó bá wo irú oko bẹ́ẹ̀ láti òkè yóò rò pé aginjù ṣì ni. Igbó kò gba irú àjọgbé bẹ́ẹ̀. Kí ó tó lè so dáadáa, igi ńlá gbọ́dọ̀ ti lọ.

Ti ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ó tún nira jù. Bí aginjù ilẹ̀ wa ṣe dúdú minimini tó, ọ̀rá ilẹ̀ náà kò jìn. Inú igi, inú ewé àti inú ìpele ilẹ̀ tínínrín tó wà lókè pátápátá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá gé igi lulẹ̀ tí wọ́n sì dáná sun ún, eérú rẹ̀ yóò tú àwọn èròjà wọ̀nyẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun ọ̀gbìn ọdún àkọ́kọ́ yóò sì rú gọ̀gọ̀. Ṣùgbọ́n òjò ń wẹ̀ ẹ́ lọ, ohun ọ̀gbìn sì ń fà á mu. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ilẹ̀ ti ṣá, àgbẹ̀ tí kò ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sì lè dúró dè é kí ó sinmi, yóò tún wọ inú lọ láti gé òmíràn. Bí agbófinró kò tilẹ̀ lé e, ilẹ̀ yóò lé e.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọdún oko náà ń bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà, nígbà tí ewé ti gbẹ tí iná sì lè jó. Kì í ṣe àwọn tó ń dá oko igbó ló sábà máa ń lànà wọ aginjù. Àwọn agégẹdú ló ti ṣáájú wọn: ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ gẹdú ti là kalẹ̀ ni alùpùpù ń tọ̀ títí yóò fi kan ipa ẹsẹ̀, ipa ẹsẹ̀ ni yóò sì já sí ahéré. Ọ̀nà ìgbìn kan tún wà tí ìjọba amúnisìn kọ́ láti Burma, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ taungya, èyí tí ó fàyè gba àgbẹ̀ láti gbin oúnjẹ sáàárín ọmọ igi tíìkì àti gmelina nínú aginjù ìjọba fún ọdún díẹ̀, kí ó sì kó jáde nígbà tí igi bá ti ga. Ọ̀pọ̀ kò kó jáde mọ́. Ó sì ṣe ni ní kàyéfì pé láti apá ibẹ̀ náà ni igbó ti wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti sọ: wọ́n ka àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó padà dé láti Íńdíà àti Burma lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì mọ́ àwọn tó mú un wọlé, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí oko rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, irúgbìn yóò bọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, òjò ni olùdarí, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ohun tí ń sọ fún igbó pé àkókò òdòdó ti tó ni bí òru ṣe gùn tó. Ní àwọn òkè onígi ìhà àríwá Califóníà, níbi tí irú oko bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, ojúmọ́ oṣù Òkúdù ń gùn tó wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà ewé lásán ni igbó ń yọ títí òru yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ìgbà tí ọwọ́ òtútù ń bọ̀ ni wọ́n sì ń kórè. Ní Òǹdó, tí kò jìnnà sí ìlà tó dá ayé sí méjì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù lọ àti èyí tó kúrú jù lọ nínú ọdún kò tó wákàtí kan. Kàlẹ́ńdà àgbẹ̀ ibẹ̀ wà nínú ìkùukùu: àkọ́rọ̀, ìsinmi òjò oṣù Ògún, àrọ̀kúrò, lẹ́yìn náà ọyẹ́.

Akọ àti abo igbó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, atẹ́gùn ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ bá abo. Ara òdòdó abo ni oje tó ní THC nínú, èyí tí í máa yí ọpọlọ padà, pọ̀ sí jù. Láàárín oṣù wọ̀nyí, ọ̀yà àti ẹlẹ́ǹgà ń jẹ oko, èpò ń hù, àwọn kan sì ń gbé apakòkòrò àti oògùn tí ń pa èpò wọ ibi tí odò ti ń ṣẹ̀. Àwọn olùwádìí tó yẹ òkú fisher, ẹranko inú aginjù kan tó ń jẹ ẹran, wò ní Califóníà gbé èsì wọn jáde ní ọdún 2012: nínú 58 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní májèlé eku nínú ara, wọ́n sì nawọ́ sí oko igbó tó farasin gẹ́gẹ́ bí ibi tó ṣeé ṣe kí ó ti wá. Ẹni tó bá ń mu omi odò nísàlẹ̀ irú oko bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ohun tí wọ́n fọ́n sókè.

Òpin òjò ni ìkórè, nítorí pé òdòdó tútù tí òjò bá bá a máa ń bu. Wọn a sá a gbẹ, wọn a kì í mọ́ àpò ìdọ̀họ, àpò á sì máa jáde ní òru.

Àwọn tí wọ́n ń rí mú lórí oko kì í sábà jẹ́ ẹni tó ni owó. Olówó kan nínú ìlú lè gbé owó oúnjẹ, owó irúgbìn àti owó oògùn oko sílẹ̀, kí ó sì ní àwọn alágbàṣe ní ibi púpọ̀. Ìgbà ìkórè ni yóò tó yọ gbèsè náà kí ó tó san èyí tó kù. Ọ̀dọ́ tó wọ aginjù pẹ̀lú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lè kúrò láàárín ọdún, ó sì yẹ kí àánú irú wọn ṣe wá. Ọjà náà wà nílẹ̀: ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lo igbó láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rí. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun Aguiyi-Ironsi ṣe òfin pé ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, ni ìyà ẹni tó bá gbin igbó. Ọdún 1975 ni wọ́n yọ ti ikú kúrò. Òfin ọdún 1989 tó dá NDLEA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ fàyè gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ní ọdún 2019, Rotimi Akeredolu, gómìnà Òǹdó nígbà náà, lọ sí Thailand pẹ̀lú olórí NDLEA láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn ìwòsàn, ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà kò tíì yí padà lórí rẹ̀.

Nítorí náà, àdá àti iná ni NDLEA ń gbé wọ aginjù. Wọn a gé oko lulẹ̀, wọn a sun ún, wọn a kó àwọn tí wọ́n bá bá níbẹ̀. Iṣẹ́ tó léwu ni, ó sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn olóṣù díẹ̀ ni wọ́n ń sun. Igi tí wọ́n ti gé ṣáájú rẹ̀ ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó ga. Olówó tó pàdánù oko kan ṣì ní òmíràn, ọdún tó ń bọ̀ ni alágbàṣe mìíràn yóò sì gé ibòmíràn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ kì í dé inú ìròyìn. Ìnàkí tó kù ní Ìdànrè ń pàdánù igi tí ó ti ń jẹun, tí ó sì ń sùn lé. Ewé Akíntọ́lá ni ó ń kọ́kọ́ bo ilẹ̀ náà, ó ń hù nípọn débi pé ọmọ ìrókò kì í rí oòrùn lábẹ́ rẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì dé, ewé náà a gbẹ, iná ọdẹ tàbí ti oko tó wà nítòsí a ràn mọ́ ọn, á sì jó wọ ara aginjù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.