Bí Omi Ṣe Ń Kún Àfonífojì Odò Ògùn Láti Ìṣẹrì Dé Agbóyì

Tí Odò Ògùn bá ti kọjá lábẹ́ afárá Kárà ní Ìṣẹrì, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ilẹ̀ á tẹ́jú pẹrẹsẹ lọ́tùn-ún lósì, kò sì ní sí òkè kankan tí yóò sé odò náà mọ́ títí tí yóò fi wọ inú ọ̀sà. Orí ilẹ̀ irà yìí ni Owódé Onírin, Ajégúnlẹ̀ ti ojú ọ̀nà Ìkòròdú, Májìdún àti Agbóyì wà, nígbà tí Kétu àti Mile 12 wà létí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń ti Kétu lọ sí Agbóyì.

Ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ ni pé òjò Èkó nìkan kọ́ ló ń kún ibẹ̀. Oṣù Kẹfà àti Keje ni òjò Èkó máa ń pọ̀ jù, síbẹ̀ oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni omi sábà máa ń ga jù ní àfonífojì náà, nítorí pé òkè lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni odò ti ń ṣàn bọ̀, òjò ibẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó dé góńgó rẹ̀. Lórí Odò Ọ̀yán, tó ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn, ni wọ́n kọ́ dáàmù tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, tó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Dáàmù yìí wúlò púpọ̀, torí Abẹ́òkúta àti Èkó ń rí omi ẹ̀rọ láti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń kún ju bó ṣe yẹ, dandan ni kí wọ́n tú omi sílẹ̀ kó má baà ya. Omi yẹn ló fi ń ya wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn ganrínganrín, tí àwọn ará àdúgbò ń to pákó sójú títì kí wọ́n lè rí ọ̀nà rìn.

Òkun náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń ru wọ inú ọ̀sà, tó sì tún ń fà padà. Nígbà tó bá ru, odò kì í tètè rí ibi tú omi rẹ̀ dà sí, á wá máa tàn kálẹ̀ sínú irà.

Irà ló yẹ kó gba omi náà dúró. Èyí tí wọ́n bá ti fi iyanrìn dí láti kọ́lé kò lè gbà á mọ́, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni omi yóò yà sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, kó kọ́kọ́ ní kí àwọn onílé fi ibi tí omi dé lára ògiri wọn ní oṣù Kẹwàá han òun.