Bí "Ọdún 18" Ṣe Wọ Ṣọ́ọ̀bù Tẹ́tẹ́ n'Íbàdàn

Nọ́ńbà kan wà lára ògiri àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì, láti Mọ́kọ́lá dé Challenge, tí ẹnikẹ́ni kì í ta: 18+. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ onílùú, ìbáà ṣe àlejò tó wá wo Gbọ̀ngàn Mápó. Èèyàn á rò pé ọjọ́ tí tẹ́tẹ́ ti wọ̀lú ni òfin yìí ti wà. Rárá o. Tẹ́tẹ́ ti jẹun pẹ́ n'Íbàdàn kó tó di pé ẹnì kan ń béèrè ọjọ́ orí.

Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ta á láyé àtijọ́: wọn á dà á sílẹ̀, wọn á ka èyí tó ṣí àti èyí tó dojú bolẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí àṣẹ. Bí gbèsè bá wọ ọmọ lọ́rùn, ẹbí ló ń gbà á sílẹ̀. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé jáde ní 1916 ló sọ ilé tẹ́tẹ́ di ọ̀ràn ìjọba. Abala 236 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú orí kan náà ni òfin tó ní kí a má fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ sì wà. Ẹ lè fìyẹn mọ irú ojú tí wọ́n fi wo àwọn atatẹ́tẹ́.

Púùlù, tẹ́tẹ́ orí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ìwé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ṣẹ̀ wá. Ní 1923, John Moores àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwé 4,000, wọ́n pín in lẹ́nu ọ̀nà pápá Old Trafford ní Manchester. Ìwé 35 péré ló padà sọ́wọ́ wọn. Wọn ò jáwọ́, Littlewoods tí wọ́n dá sílẹ̀ sì di gbajúmọ̀. Nígbà tí púùlù dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn bàbá tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí wá ń dárúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú kéékèèké ibẹ̀ bí ẹní ń ki oríkì. Onípúùlù kì í wá ẹni tó máa borí, ọ̀mì ló ń wá, ọ̀rọ̀ tí a yá ní ìdí ọpọ́n ayò. Nígbà tí bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì bá wọ ìsinmi, ti Ọsirélíà ni wọ́n fi ń dí àlàfo.

Pámù, ìyẹn kí èèyàn to nọ́ńbà eré bọ́ọ̀lù tó mú pọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ló máa ń da ọ̀rọ̀ rú fún ẹni tuntun. Bí o bá mú nọ́ńbà márùn-ún, tí o ní kí wọ́n tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìlà 10 lo ta yẹn. Owó ìlà kan lọ́nà mẹ́wàá lo máa san. Ọ̀pọ̀ ìjà ìdí káńtà, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: oníbàárà rò pé 100 náírà lòun ta, ẹ́jẹ́ǹtì ní 1,000 náírà ni.

Ti kàlòkàlò, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń sọ owó sí nínú, kò pẹ́ púpọ̀. Ní 1977 ìjọba ológun fòfin de ẹ̀rọ náà.

Lọ́tò tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú, ìtàn tirẹ̀ jìnnà ju bí a ṣe rò lọ. Ní ìlú Genoa, ní Ítálì, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ìbò ni wọ́n fi ń mú orúkọ èèyàn márùn-ún tí yóò wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta owó lórí orúkọ tí yóò jáde. Nígbà tó yá, nọ́ńbà 1 sí 90 rọ́pò orúkọ, márùn-ún ló sì ń jáde síbẹ̀. Gánà ti ń ta á kó tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Olóyè Kessington Adébùtù, tí òun náà ti ìdí púùlù wá, ló dá Premier Lotto sílẹ̀ ní 2001.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò "two sure" tí wọ́n ń ta jù, ìyẹn nọ́ńbà méjì tí èèyàn mú pé àwọn méjèèjì ló máa jáde. Nọ́ńbà 90 tí a bá so pọ̀ ní méjì-méjì, ọ̀nà 4,005 ni. Márùn-ún tó jáde, ọ̀nà 10 péré ló wà nínú wọn. Ẹni tó jẹ yóò gba ìlọ́po 240. Nítorí náà, ẹni tó bá ta náírà kọ̀ọ̀kan lórí gbogbo ọ̀nà náà yóò na 4,005, yóò sì gba 2,400. Kò sí àlá, kò sí wòlíì tó lè yí ìṣirò yẹn padà.

Tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tò kò ní orúkọ. Ẹni tó bá mú un wá ló lowó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ti bàjẹ́ gan-an nìyí, torí bàbá lè rán ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ra á bí ẹni rán an ní iyọ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì mọ bàbá, ó mọ ọmọ, ó ta á.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ló là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò tíì pé 18, ọmọdé ni. Òfin àtijọ́ lórí ọmọdé àti ọ̀dọ́, ìsàlẹ̀ 17 ló mọ sí. Nígbà tí Òfin Lọ́tìrì ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2005, 18 ni wọ́n mú tẹ̀ lé. A kò kọ́ èyí lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fún wa ní púùlù: ọmọ ọdún 16 ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì ìjọba wọn títí di 2021, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì tiwọn kì í gba ẹni tí kò pé 18.

Fóònù ló wá fún òfin náà ní eyín. Akin Alabi, tó ń ṣojú Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Abuja, ló dá NairaBet, ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ ní 2009. Bet9ja tẹ̀ lé e ní 2013. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, o gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Láti ìgbà tí BVN ti dé ní 2014, báǹkì náà ti mọ ẹni tí o jẹ́. Bí ọmọ ọdún 16 bá purọ́ ọjọ́ ìbí, owó á wọlé wẹ́rẹ́. Ìgbà tó bá fẹ́ gba èrè ni wọ́n á ní kó mú NIN wá, àkáǹtì á sì tì pa. Àgbàlagbà náà máa ń kó sí i: ẹni tó kọ "Bayo Ade" síbẹ̀, tí báǹkì mọ̀ sí Adébáyọ̀, tàbí tó ń lo àkáǹtì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, owó rẹ̀ á há.

Ní 22 Oṣù Kọkànlá 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ lórí ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó ti pè láti 2008, tí Èkìtì sì dara pọ̀ mọ́. Wọ́n ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò fún ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbára lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ni ín. Òfin 2005 wá mọ sí Abuja nìkan. Nítorí náà, ìwé àṣẹ tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá lára ògiri ṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn ni ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí ọdún rẹ̀ má sì ti kọjá.