Ṣé aláfarawé lásán ni Andrei Tupolev?

Láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, kì í pẹ́ tí a bá dárúkọ Andrei Tupolev, ayàwòrán ọkọ̀ òfuurufú ọmọ Sófíẹ̀tì, tí ẹnìkan yóò fi sọ pé iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni ọkùnrin náà kàn ń wò ṣe. Tu-4, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù rẹ̀ tó jọ B-29 ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀rí, òótọ́ sì wà nínú ẹ̀rí náà. Ní 1944, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù B-29 mẹ́ta ti Amẹ́ríkà, tó ń ti ojú ogun Jàpáánì bọ̀, balẹ̀ nítòsí Vladivostok ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì. Stalin, olórí Sófíẹ̀tì, kò dá wọn padà, ó sì pàṣẹ pé kí Tupolev ṣe irú wọn gẹ́lẹ́. Ọkọ̀ ajubọ́ǹbù tí Tupolev fúnra rẹ̀ ń yàwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà ni wọ́n pa tì nítorí àṣẹ yìí.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni kò ronú kan òṣùwọ̀n. Ínǹṣì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi wọn páálí irin tí wọ́n fi ṣe B-29, mìlímítà sì ni ilé iṣẹ́ Sófíẹ̀tì ń lò, nítorí náà nínípọn wọn kò bára mu. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù kò ní lágbára tó, èyí tó bá nípọn jù yóò sọ ọkọ̀ di ẹrù, wọ́n sì ní láti tún agbára ara ọkọ̀ náà ṣírò níbi púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì Shvetsov ti Sófíẹ̀tì ni wọ́n fi sí i, ìbọn tiwọn náà ni. Tu-4 yìí kọ́kọ́ fò ní 1947.

Ohun tó dùn mí ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ti bo ohun tó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti 1923 ni Tupolev ti ń ṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Ní Okudù 1937, awakọ̀ òfuurufú Chkalov àti àwọn méjì mìíràn wa ANT-25, ọkọ̀ tí Tupolev ṣe, láti Moscow, wọ́n gba orí òpin àríwá ayé kọjá, wọn kò sì balẹ̀ títí wọ́n fi dé Vancouver ní ìpínlẹ̀ Washington. Ní Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi ẹ̀sùn èké mú Tupolev, inú àtìmọ́lé ló sì ti yàwòrán ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Tu-2; ó di 1955 kí wọ́n tó fọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Lóòótọ́, ó rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára B-29, ṣùgbọ́n Tu-95 tó kọ́kọ́ fò ní 1952, pẹ̀lú ìyẹ́ tó tẹ̀ sẹ́yìn àti abẹ̀bẹ̀ méjì tó ń yí lódìkejì ara wọn lórí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, kò ní irú rẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà kó fún ọmọ ogun rẹ̀.