Montag tàbí montags: lẹ́tà ńlá àti kékeré lórí ọjọ́ àti àsìkò nínú èdè Jámánì

Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ nínú èdè Jámánì, ibi yòówù kó wà nínú gbólóhùn. Montag, ìyẹn ọjọ́ Ajé, àti Abend, ìyẹn alẹ́, wà lára wọn: am Montag, gegen Abend. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni ọwọ́ máa ń ṣì.

-s ni wọ́n fi ń dá irú èyí mọ̀: montags (ní gbogbo ọjọ́ Ajé), morgens (láràárọ̀), abends (lálaalẹ́), nachts (lóru). Lẹ́tà kékeré ni gbogbo wọn. Ohun tí Yorùbá ń fi àpètúnpè ṣe nínú láràárọ̀ àti lálaalẹ́, -s yìí ló sábà máa ń ṣe é níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó bá kọ montags geschlossen sẹ́nu ilẹ̀kùn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé kankan. Am Montag geschlossen lè jẹ́ ti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ nìkan. Tí aago bá ti wà níbẹ̀, ó yàtọ̀ díẹ̀: um acht Uhr abends kò ju aago mẹ́jọ alẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n -s nìkan kò tó. Eines Abends, “lálẹ́ ọjọ́ kan”, ní -s nídìí, síbẹ̀ lẹ́tà ńlá ló gbà, torí eines tó ṣíwájú ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Heute Abend, alẹ́ òní, ni àwọn tó ti kọ́ èdè náà tipẹ́ máa ń ṣì kọ. Kí àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1996 tó dé, heute abend ni. Ní báyìí, àsìkò tó bá tẹ̀lé heute (òní), gestern (àná) tàbí morgen (ọ̀la) gba lẹ́tà ńlá: gestern Mittag, ọ̀sán gangan àná; morgen Nachmittag, ọ̀sán ọ̀la. Àtúnṣe yẹn náà ló sọ Dienstag abend, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, di Dienstagabend, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Am Dienstag Abend tí ojú ṣì ń rí káàkiri, àṣìkọ ni. Fún gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, dienstagabends àti dienstags abends ló tọ̀nà.

Morgen ló wá le jù. Pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, àárọ̀ ni; pẹ̀lú kékeré, ọ̀la ni. Guten Morgen, ẹ káàárọ̀. Bis morgen, ó dọ̀la. Àárọ̀ ọ̀la ńkọ́? Wọn kì í sọ morgen Morgen, morgen früh ni wọ́n ń sọ, òfin sì gba morgen Früh náà. Tí ọ̀rọ̀ náà bá wá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, lẹ́tà ńlá ò sọ nǹkan kan mọ́: Morgen komme ich, ọ̀la ni mò ń bọ̀.